Odò Ìlúwẹ̀ẹ́ Lórí Gẹ̀rẹ́

Bí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wa, n kì í sáré tẹ̀ lé e mọ́. Mo ti mọ ibi tó ń lọ. Yóò yí kọjá lábẹ́ okùn tí mò ń sá aṣọ sí, yóò yí kọjá ní ìdí igi máńgòrò, yóò sì gba abẹ́ wáyà bọ́ sínú oko ẹ̀fọ́ ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbé nísàlẹ̀ wa. Ìyá náà yóò bó o, yóò mu ún, yóò wá gbé ohùn sókè pé, "Ìyàwó, ọsàn òní mà dùn." Ó ti pẹ́ tí ọkọ mi ti fẹ́ mi wá sí Ìkẹ́rẹ́ láti Ògòtún. Mo ti bímọ, ọmọ mi náà ti bímọ, síbẹ̀ ìyàwó ni ìyá yìí ń pè mí. Ìdí àpáta la kọ́lé sí, ẹ̀yìnkùlé wa sì dà gẹ̀rẹ́ débi pé ìkòkò tí kò bá ní ẹsẹ̀ kì í dúró níbẹ̀.

Orí gẹ̀rẹ́ yìí ni ọkọ mi ní òun yóò kọ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ sí.

Kí ẹ tó bi mí pé kí ni arúgbó méjì fẹ́ fi odò ìlúwẹ̀ẹ́ ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ń gbé ní Kánádà. Ibẹ̀ ló bí ọmọ rẹ̀ obìnrin sí, a kò sì tíì rí ọmọ náà rí àfi lójú fóònù. Nígbà tí ọdún Kérésì ń bọ̀, ọmọ wa pè pé òun àti ọmọ òun ń bọ̀ nílé. Ọkọ mi dìde, ó ń jó. Kò sí orin, kò sí ìlù, ó ṣáà ń jó láàárín àwọn àga. Ó ń jó lọ́wọ́ ni ọmọ wa wá ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Adó ni àwọn yóò máa sùn, nítorí pé ọmọ òun fẹ́ràn púùlù, ìyẹn odò ìlúwẹ̀ẹ́, ju oúnjẹ lọ, òtẹ́ẹ̀lì náà sì ní púùlù tó dáa. Ó ní àwọn yóò máa yà kí wa lọ́sàn-án.

Yà kí wa, bí ẹni ń yà kí àlùfáà. Láti ọ̀dọ̀ wa sí Adó, ẹ̀pà tí èèyàn rà ní gáréèjì kò ní tíì tán lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò fi débẹ̀. Ọmọ ọmọ wa yóò wá láti òkè òkun, yóò sì lọ sùn sí ilé àlejò ní ìlú kejì, bẹ́ẹ̀ yàrá tí a kùn lọ́dà aláwọ̀ òdòdó nítorí rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń rùn fún ọ̀dà. Ó dùn mí wọnú egungun. Ọkọ mi kò jó mọ́. Ó jókòó, ó ní, "Ṣé púùlù nìkan ni wọ́n fi jù wá lọ?"

Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí mò ń bá gbé. Ẹ̀kọ́ nípa òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ọkọ mi fi ṣe iṣẹ́ tíṣà ní ilé ìwé girama títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó lè ya àwòrán òkè tí kò fojú rí rí sójú pátákó, kó sì fi ẹfun funfun fa ibi tí omi yóò gbà ṣàn. Kò sí òkè tí kò mọ ìwà omi lórí rẹ̀ nílé ayé, àfi èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná mi.

Bíríkìlà tó lọ mú wá, odò ẹja ni iṣẹ́ rẹ̀. Lágbègbè wa báyìí, bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti fẹ̀yìn tì, kò ní pẹ́ tí yóò fi kọ́ odò ẹja, tí yóò kó ẹja àrọ̀ sí i. Àkùrọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́ ọ sí, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ọ̀gá Bíríkìlà kò kọ́ odò lórí gẹ̀rẹ́ rí láyé rẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi mú un dé ẹ̀yìnkùlé, ó di igi máńgòrò mú kó má baà yọ̀ ṣubú, ó wá ní, "Bàbá, ilẹ̀ yìí dáa gan-an ni."

Òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Kò tíì jìn dé orúnkún tí ṣọ́bìrì fi bá àpáta pàdé. Wọ́n sún síwájú, àpáta. Wọ́n sún sẹ́yìn, àpáta kan náà ni, òun náà sì dà gẹ̀rẹ́. Bí àpáta bá dí ọ̀nà fún ará Ìkẹ́rẹ́, iná ló máa ń dá lé e lórí. Bó bá gbóná dáadáa, wọ́n á da omi tútù sí i, yóò sì sán. Ọkọ mi ní táyà àtijọ́ ló ń jó jù. Wọ́n kó táyà wá, wọ́n ṣáná sí i, èéfín dúdú sì wọ ilé ìdáná mi, ó wọ inú ìkòkò ọbẹ̀, ó wọ aṣọ funfun tí mo sá sórí okùn de ìpàdé àwa ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo àwọn ìyá ló funfun gbòò, èmi nìkan ni mo dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lábẹ́ lọ́rì. Àpáta náà sán lóòótọ́. Ohun tó bọ́ kúrò lára rẹ̀ kò tóbi ju àwo ọbẹ̀ lọ. Ọ̀gá Bíríkìlà fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá hàn wá, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìyá ìkókó.

Ọkọ mi wo àwo ọbẹ̀ yìí, ó wo àpáta tó kù, ó sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ti bá wa ṣe ìsàlẹ̀ odò, kí wọ́n kàn rẹ́ sìmẹ́ǹtì lé e lórí, kí wọ́n sì mọ ògiri yí i ká. Bíríkìlà béèrè pé báwo ni kí ògiri náà ṣe ga tó. Ọkọ mi ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó nàka sí ìdodo rẹ̀.

"Títí dé ibí. Yíká-yíká ni o. N kò fẹ́ kí ibì kan ga ju ibì kan lọ."

"Yíká-yíká, Bàbá," ni Ọ̀gá Bíríkìlà wí.

Bí ìdodo ọkọ mi ṣe di ohun ìwọnlẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá mọ ògiri dé igun kan, wọ́n á ké pè é. Yóò wá dúró ti ògiri náà, yóò ká ẹ̀wù sókè, bí búlọ́ọ̀kù bá ti dọ́gba pẹ̀lú ìdodo, yóò fọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́, yóò sì kọjá sí igun tó kàn. Nígbà mìíràn ó lè máa jẹun lọ́wọ́, kí n gbọ́ tí wọ́n ń ké láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìdodo wá." Ó dúró lókè gẹ̀rẹ́, ògiri dé ìdodo. Ó dúró nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́, ògiri dé ìdodo. Mò ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, mo sì rò ó lọ́kàn mi pé ògiri yìí mà dọ́gba, ó mà lẹ́wà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú gbogbo wa tó rántí pé ìdodo ẹni tó dúró lókè ga ju ìdodo ẹni tó dúró nísàlẹ̀ lọ, àti pé omi yóò mọ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, àdúgbò rò pé odò ẹja la ń kọ́. Ojú ń ti ọkọ mi láti sọ pé odò ìlúwẹ̀ẹ́ ni. Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gba ipò níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n wá gbọ́ pé ó fẹ́ máa ṣeré nínú omi. Nítorí náà nígbà tí ìyá ìsàlẹ̀ gun òkè wá pẹ̀lú igbá ńlá lábẹ́ apá, kò lè ṣàlàyé.

"Tíṣà, mo gbọ́ pé ẹja lo fẹ́ máa sìn," ni ìyá náà wí. "Uṣẹ́ yìí mà tóbi ju ulé mi lọ. Ugbá mi rèé o. Ti Kérésì mi ni kó o bá mi kó sí i."

Ọkọ mi họ orí. Ó ní ẹja náà kò tíì dé.

"Níbo ló ti ń bọ̀?"

"Òkè òkun ni," ni ọkọ mi wí.

Mo sáré wọ ilé kí n tó rẹ́rìn-ín níwájú àgbàlagbà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti kárí pé Tíṣà ń kó ẹja òyìnbó bọ̀. Àwọn kan ní kò ní egungun. Lẹ́yìn ìsìn, obìnrin kan fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bi mí bóyá ẹja ọ̀hún lè jẹ gààrí, tàbí búrẹ́dì nìkan ló ń jẹ. Mo ní kó lọ bi Tíṣà.

Ó wá ku omi. Táńkà tó gbé omi wá gun gẹ̀rẹ́ wa dé ìdajì, ó dúró, ó kérora, ó sì fi ẹ̀yìn rìn padà sí títì. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ kò tilẹ̀ kí wa pé ó dàbọ̀. Ọkọ mi ní kò burú, a ó bẹ àwọn aládùúgbò lọ́wẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí iṣẹ́ bá ju agbára ẹnìkan lọ, àwọn aládùúgbò á fi ọ̀sán kan bá a ṣe é, òun náà á sì gún iyán fún wọn. Ọ̀wẹ̀ ebè kíkọ ni mo mọ̀, mo sì mọ ọ̀wẹ̀ oko ríro. N kò gbọ́ ọ̀wẹ̀ omi pípọn sínú odò rí. Ṣùgbọ́n wọ́n wá, nítorí ẹja tí kò ní egungun. Wọ́n tò láti ìdí kànga dé ẹ̀yìnkùlé, korobá ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, wọ́n ń kọrin, èmi náà sì wà nídìí odó pẹ̀lú òógùn lójú.

Omi kó jọ sí ìsàlẹ̀, bí omi ti máa ń ṣe. Ó ń pọ̀ sí i, inú ọkọ mi ń dùn. Ó dé àárín. Ó kún dé etí ògiri ìsàlẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún, ilẹ̀ odò gbẹ fọ́ọ́, alángbá kan ń rìn gbẹ̀fẹ́ lórí rẹ̀, ó ń mi orí.

"Ẹ tún pọn sí i," ni ọkọ mi wí. "Yóò gun òkè."

Wọ́n pọn sí i. Omi kò gun òkè. Ó gba orí ògiri ìsàlẹ̀ dà sílẹ̀, ó sì gba ọ̀nà tí àwọn ọsàn mi máa ń gbà. Kò pẹ́ tí a gbọ́ ohùn ìyá ìsàlẹ̀, kò ké, kò bínú, ó kàn fẹ́ kí a mọ̀ ni. Ó ní, "Ẹ dákun, òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ èmi nìkan."

Gbogbo èèyàn gbé korobá sílẹ̀. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì ran gbogbo wọn. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ìsàlẹ̀, wọ́n tún wo ìdodo ọkọ mi. Mo wá Ọ̀gá Bíríkìlà lọ, n kò rí i níbi omi. Inú ilé ìdáná mi ni mo ti bá a, ó ti fi ọwọ́ kan iyán ṣáájú gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́. Mo bi í pé kí ló ṣe odò rẹ̀. Ó fi òkèlè kan rọra kan ọbẹ̀.

"Mọ́mì, odò yẹn ò ṣe nǹkan kan o. Ilẹ̀ ni kò dúró dáadáa."

Inú bí mi. Mo yọ ẹran kan kúrò nínú àwo rẹ̀, mo dá a padà sínú ìkòkò, mo sì dé e. Kò bá mi jà.

Nígbà tí àwọn èèyàn jẹun tán, tí wọ́n lọ, ọkọ mi jókòó sórí ògiri, ó fi ẹsẹ̀ sí apá ibi tó gbẹ. Igun ìsàlẹ̀ kan ti ń sun omi díẹ̀díẹ̀ láti ibi tí sìmẹ́ǹtì ti sán. Ọmọ wa ti balẹ̀ sí Èkó, wọn yóò dé Adó lọ́jọ́ kejì, kò sí àyè àtitún nǹkan kan ṣe mọ́. Ọkọ mi ní, "Adó náà ni wọn yóò máa sùn nìyẹn." N kò rí i kó rẹ̀wẹ̀sì bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rín sì ń pa mí, mo fi ìborùn bo ẹnu títí èyí tó lágbára nínú méjèèjì fi rọlẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì wọn, lọ́jọ́ kejì ni wọ́n wá yà kí wa. Ọmọ wa sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kó dúró sẹ́nu ọ̀nà, pé àwọn kò ní pẹ́. Ọmọbìnrin kékeré kan sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ìlẹ̀kẹ̀ ń dún lórí irun rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wa bí ẹni tó ti ṣe ìdánrawò rẹ̀ nínú ọkọ̀. Yorùbá tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Mo gbá a mọ́ra, mo sunkún díẹ̀, mo sì nu ojú mi. Ọkọ mi jókòó jẹ́ẹ́. Ó ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé pa, ó fi àga dí i, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó lórí àga náà.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí ìyá ìsàlẹ̀ fi wọlé láti iwájú, igbá rẹ̀ wà lábẹ́ apá.

"Tíṣà, Kérésì ti dé tán," ló wí. "Ẹja òkè òkun tó ò ń retí ńkọ́?"

"Ẹja wo, Dádì?" ni ọmọ wa béèrè.

Ọkọ mi wo mí kí n gbà á sílẹ̀. N kò gbà á. Mo ní kó dìde lórí àga, kó fi ẹja rẹ̀ han àlejò.

Gbogbo wa jáde. Ọmọ wa wo ògiri tó sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́, ó wo omi tó sùn sí ìsàlẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó bi bàbá rẹ̀ pé kí nìyí. "Púùlù ni," ni ọkọ mi wí, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Ìyá ìsàlẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì wo inú igbá rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ọmọ yìí bá fi rẹ́rìn-ín sí iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀ àgbà, ọkọ mi kò ní jẹun lọ́jọ́ náà.

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí apá òkè. "Gráńpà, kí ló dé tí omi ò sí níbí?"

Ọkọ mi hú ikọ́ tó máa ń hú ní kíláàsì. "Ibẹ̀ yẹn," ló wí, "a ṣe é fún àwọn tí kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni."

Mo gbójú sókè, mò ń wo máńgòrò. Ọmọ náà sún mọ́ bàbá rẹ̀ àgbà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

Ìyá rẹ̀ ní irọ́ ni, ṣebí púùlù ló máa ń béèrè ní gbogbo ìgbà. Ọmọ náà ní òun fẹ́ràn omi, ṣùgbọ́n ti òtẹ́ẹ̀lì jìn láti etí, ó bo òun lórí. Ó ní láti ìgbà tí àwọn ti dé, etí rẹ̀ lòun ń jókòó sí, ẹsẹ̀ nìkan lòun ń kì bọ inú rẹ̀.

Ọkọ mi ti ń ká ṣòkòtò rẹ̀. Òun náà kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́, kò tiẹ̀ fẹ́ràn kí òjò pa á. Ó gbé ọmọ náà sọdá ògiri òkè, ó wá gbé ẹsẹ̀ kan sọdá fúnra rẹ̀, ògiri tó dé ìdodo rẹ̀ sì há a mọ́lẹ̀ láàárín ìtan méjèèjì. Kò lè lọ, kò lè bọ̀. Èmi àti ìyá ìsàlẹ̀ la tì í láti ẹ̀yìn, ìyá náà ń sọ pé, "Rọra, Tíṣà, rọra, ọjọ́ orí ti dé." Ó ṣubú sí ọ̀hún. Ó dìde, ó gbọn ara, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú.

Wọ́n ń rìn bọ̀ láti orí ilẹ̀ gbígbẹ. Omi kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn. Ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọmọ náà ní, "Dúró," ọkọ mi sì dúró. Ó ní, "Ó yá," wọ́n tún rìn. Ó dé orúnkún ọmọ náà. Dúró. Ó yá. Nígbà tó ṣe, ọmọ náà fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀ lábẹ́ omi, ó ní, "Gráńpà, ó ti dé ìdodo mi. Ó tó."

Ọkọ mi yí ojú wò mí láti inú omi. N kò lè wò ó padà, ojú mi ti kún.

Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ náà ń ti ibi gbígbẹ sáré wọ omi, ó ń padà, ó tún ń sáré wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀ sórí omi, ọkọ mi fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá ìsàlẹ̀ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ògiri, ó ń wò wọ́n. Ó ní, "Ẹja yín mà kéré, Ìyàwó. Ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ sí i." Ó sì fi igbá náà fún ọmọ náà kó máa fi bu omi ṣeré.

Dẹ́rẹ́bà yọjú láti ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó ní ilẹ̀ ń ṣú lọ, ṣé kí òun tan ọkọ̀. Ọmọ wa yíjú sí odò. Ó ń wo ọmọ rẹ̀. Ó wá ní kó lọ sí Adó, kó kó àwọn ẹrù wọn wá, kó má gbàgbé bàtà tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo mọ̀ pé ọkọ mi gbọ́ ọ, nítorí ó dúró gbọnin láàárín omi. Ó gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́ sọdá ògiri, a tún fà á jáde, omi ń kán tó-tó-tó láti ṣòkòtò rẹ̀. Mo ní kó wá pààrọ̀ aṣọ. Ó mú korobá, ó kọrí sí ìdí kànga. Mo bi í pé kí ló fẹ́ pọn nírọ̀lẹ́ yìí.

"Igun yẹn ń sun," ló wí. "Omi yóò ti lọ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ yìí yóò sì fẹ́ wọ̀ ọ́ bó bá jí."